Jaguar E-Type

Jaguar E-Type jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré tí ilé-iṣẹ́ Jaguar Cars ṣe ní ìlú Coventry, lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1961 títí di ọdún 1974. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí wọ́n fi tà á ni Jaguar XK-E. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 72,000, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ, pàápàá jù lọ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà gbajúmọ̀ nítorí imú rẹ̀ tó gùn, eré rẹ̀, àti iye owó rẹ̀ tó kéré gan-an sí ti àwọn ọkọ̀ mìíràn tó lè bá a sáré nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn E-Type tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti tú palẹ̀ tí wọ́n sì ti tún ṣe, àwọn mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí èyí, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ ti di ohun tó ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń díyelé lọ́tọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e sọ́jà, àti ìbéèrè bóyá ó yẹ kí a tún un ṣe rárá, wà lára ohun tí àwọn olùkójọ ọkọ̀ àtijọ́ ń jiyàn lé lórí jù lọ.

Ìtàn

Ọdún 1922 ni William Lyons àti William Walmsley dá ilé-iṣẹ́ Swallow Sidecar sílẹ̀ ní ìlú Blackpool. Àga ẹ̀gbẹ́ alùpùpù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara ọkọ̀, àti níkẹyìn odindi ọkọ̀. Ní ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Jaguar pe ọkọ̀ wọn. Orúkọ ẹranko kan tó jọ àmọ̀tẹ́kùn ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹranko náà sì ń gbé. Ní ọdún 1945, orúkọ yìí di ti ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1948, Jaguar gbé XK120 jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Earls Court, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ́ńjìnnì XK tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n padà lò fún E-Type. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ eré ìje ilé-iṣẹ́ yìí gba ìdíje Le Mans ti ilẹ̀ Faransé nígbà márùn-ún: C-Type ní ọdún 1951 àti 1953, D-Type ní ọdún 1955, 1956 àti 1957. Malcolm Sayer, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Bristol, ló ya ara àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí àti ti E-Type. Ìṣirò ló fi ń wá ìlà ara ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n fi E-Type han aráyé ní ìlú Geneva, ní Switzerland, ní oṣù Kẹta ọdún 1961. Ọkọ̀ olórùlé irin tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 9600 HP ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ gùn ún wò pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà lọ, Lyons ránṣẹ́ sí Norman Dewis, awakọ̀ adánwò ilé-iṣẹ́ náà, pé kí ó gbé èkejì wá. Dewis fi òru wa ọkọ̀ aláìlórùlé 77 RW láti Coventry, ó sì dé Geneva ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Iye tí wọ́n kọ́kọ́ ń ta èyí tí òrùlé aṣọ rẹ̀ ṣeé ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bíi £2,100. Owó Aston Martin DB4 nígbà kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye yìí. Ní ọdún 1996, Ilé Àkójọ Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní ní New York fi E-Type aláwọ̀ búlúù kan kún àwọn ohun tó ní.

Bí wọ́n ṣe ṣe é

Ara E-Type pín sí ọ̀nà méjì. Apá àárín, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí, àti apá ẹ̀yìn jẹ́ páànù irin tí wọ́n jó pọ̀ di ọ̀kan, tí kò ní ṣásì lábẹ́. Apá iwájú jẹ́ férémù tí wọ́n fi pọ́ọ̀lù irin tín-ínrín ṣe, tí wọ́n sì fi bóòtù dè mọ́ apá àárín. Férémù yìí ló gbé ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ iwájú ró. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti apá tó bo táyà iwájú jẹ́ ohun kan náà. Bí a bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á dojú bolẹ̀ síwájú.

Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ jẹ́ ti lítà 3.8, ó ní sílíńdà mẹ́fà àti kábúrétọ̀ mẹ́ta. Jaguar kéde pé agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 265, àti pé ọkọ̀ náà lè sá eré 150 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi 240 kìlómítà, láàárín wákàtí kan. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní bírékì onídíìsì, èyí tí kò wọ́pọ̀ ní ọdún 1961. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè sọ̀ lọ́tọ̀. Àárín abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi bírékì ẹ̀yìn sí, kì í ṣe inú wíìlì, ìdí nìyí tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ fi ń gba mẹkáníìkì ní àkókò púpọ̀.

Àwọn ìran rẹ̀

Ìran kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1961. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1964, ẹ́ńjìnnì lítà 4.2 rọ́pò ti 3.8, pẹ̀lú àpótí gíà tó rọrùn láti lò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 1966, wọ́n fi èyí tó gùn díẹ̀ kún un, tí ọmọdé méjì lè jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gíláàsì tó bo iná iwájú wà lára àwọn àmì ìran yìí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ọdún 1967.

Ìran kejì jáde ní ọdún 1968. Iná rẹ̀ tóbi sí i, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ imú rẹ̀ sì fẹ̀ sí i, nítorí òfin ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti kí ẹ́ńjìnnì má baà máa gbóná jù.

Ìran kẹta, tó jáde ní ọdún 1971, ní ẹ́ńjìnnì tuntun olóníṣílíńdà méjìlá ti lítà 5.3. Nǹkan bíi 15,000 ni wọ́n ṣe nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1974.

Ọkọ̀ tí a kò tíì tún ṣe

Ìtumọ̀

Nínú òwò ọkọ̀ àtijọ́, ọkọ̀ tí a kò tíì tún ṣe ni èyí tí ọ̀dà rẹ̀, awọ ìjókòó rẹ̀, páànù rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Táyà, bátìrì, bírékì àti àwọn ohun mìíràn tó máa ń jẹ tán kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà sí àtúnṣe ní ìtumọ̀ yìí.

Oríṣi mẹ́ta ló máa ń dé ọjà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí olówó rẹ̀ ń tọ́jú tí ó sì ń wà, tó kàn gbó bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Èkejì ni èyí tí wọ́n pa tì sínú gáréèjì tàbí abà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí eruku bò. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, tí kò sì parí. Inú páálí ni apá kan nínú ẹ̀yà rẹ̀ máa ń wà. Àwọn atajà a máa pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìnáwó tó wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta ló léwu jù fún ẹni tó fẹ́ rà á, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè mọ ohun tó sọnù àfi tí a bá ń tò ó padà.

Nọ́mbà mẹ́rin

Ohun àkọ́kọ́ tí olùrà ń yẹ̀ wò ni nọ́mbà. E-Type kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà mẹ́rin: ti ọkọ̀, ti ẹ́ńjìnnì, ti ara, àti ti àpótí gíà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí pátákó irin kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ẹ̀yà tó ni ín. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì, fún àpẹẹrẹ, wà lára búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti lórí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ti pátákó àti ti ara ẹ̀yà bá bára mu, a lè gbà pé ẹ̀yà tí wọ́n bí mọ́ ọkọ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́mbà ọkọ̀ tún ń sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Láàárín àwọn ti lítà 3.8, 850001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíka àwọn olórùlé aṣọ tí sitiárìn wọn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, 860001 fún olórùlé irin ti ọwọ́ ọ̀tún, 875001 fún olórùlé aṣọ ti ọwọ́ òsì, àti 885001 fún olórùlé irin ti ọwọ́ òsì. Nítorí náà, bí nọ́mbà ọkọ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 875 tí sitiárìn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹnì kan ti yí i padà.

Àjọ tó ń tọ́jú ohun ìrántí Jaguar ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jaguar Daimler Heritage Trust, ní ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ó máa ń fún olówó ọkọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó fi nọ́mbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, pẹ̀lú àwọ̀ ọ̀dà, àwọ̀ awọ ìjókòó, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, àti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Pátákó tuntun kò ṣòro láti rà, nítorí náà pátákó nìkan kò tó ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin ló wúwo jù.

Ìpẹtà

Ìpẹtà ni ọ̀tá ńlá E-Type. Nítorí pé kò ní ṣásì, páànù rẹ̀ ló gbé gbogbo ẹrù ọkọ̀ ró. Bí páànù bá jẹrà, ọkọ̀ náà kò lágbára mọ́, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dán tó. Ibi tí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni irin gbọọrọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ibi tí apá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, àti ìsàlẹ̀ búùtù níbi tí tánkì epo wà. Magnẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi aṣọ wé ni àwọn olùyẹ̀wò fi ń tọ páànù. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí i, kì í ṣe irin.

Férémù iwájú gba àkíyèsí tirẹ̀. Inú pọ́ọ̀lù rẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́, tí òde rẹ̀ á sì dà bíi pé kò sí nǹkan kan. A lè ra tuntun kí a fi bóòtù dè é, ohun tí ọ̀pọ̀ olùtúnṣe sì ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara férémù iwájú, lápá ọ̀tún, ni wọ́n tẹ nọ́mbà ọkọ̀ sí. Ẹni tó bá pààrọ̀ irin tó gbé nọ́mbà yìí tí ó sì ju ti àtijọ́ nù ti ju ẹ̀rí tó dájú jù lọ nípa ọkọ̀ náà nù. Ọ̀kan lára ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba olùrà nímọ̀ràn pé kí ó ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan bóòtù kan, kí ó sì tọ́jú ohunkóhun tí wọ́n bá yọ.

Ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ nílẹ̀

Ohun tó lè ba ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́ fún ọdún púpọ̀ jẹ́ jù ni kí a so bátìrì mọ́ ọn kí a sì ṣáná sí i lójú ẹsẹ̀. Pístọ́ọ̀nù lè ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, wọ́n á da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀. Epo àtijọ́ máa ń di gọ́ọ̀mù nínú tánkì àti kábúrétọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jáde tán. Bírékì àti rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ di tuntun kí ọkọ̀ náà tó gbéra.

Hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì XK jẹ́ alumíníọ́mù, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sì jẹ́ irin. Bí omi lásán bá wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí kò sí oògùn tó ń dènà ìpẹtà nínú omi náà, á jẹ hẹ́ẹ̀dì náà, á sì jẹ àwọn bóòtù gígùn tó dè é mọ́lẹ̀.

Iye owó

Owó tí wọ́n ń dá lé ọkọ̀ tí a kò tíì tún ṣe kì í tẹ̀ lé bó ṣe mọ́ tó. Àwọn ohun tó ń gbé e ga ni ìran kìn-ín-ní, òrùlé aṣọ, nọ́mbà tó bára mu, ìwé ọkọ̀ láti ọwọ́ olówó àkọ́kọ́, àti iye olówó tó kéré. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1961 ló wọ́n jù. A ń fi kọ́kọ́rọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn tó wà lóde ara ọkọ̀, àti ilẹ̀ wọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, dá wọn mọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olùrà yọ owó ọkọ̀ tí kò tíì tún ṣe kúrò nínú owó èyí tí wọ́n ti tún ṣe tán, kí ó sì rò pé èrè òun ni ìyókù. Títún odindi E-Type ṣe máa ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà, akunlọ́dà, aránṣọ ìjókòó àti mẹkáníìkì. Fún àwọn ẹ̀yà tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, bíi èyí tó ní ìjókòó ọmọdé lẹ́yìn, ìnáwó náà lè ju iye tí ọkọ̀ náà yóò tà lọ nígbà tó bá parí. Níbi gbàǹjo, wọ́n tún ń fi owó iṣẹ́ onígbàǹjo kún iye tí olùrà fẹnu sọ. Bí-ó-ṣe-wà-ni-a-tà-á sì ni àdéhùn púpọ̀ nínú irú títà bẹ́ẹ̀: bí olùrà bá bá ìpẹtà pàdé lẹ́yìn rẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, bí wọn kò bá ti yí i padà gidigidi. Ìyọ̀ǹda yìí kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ̀ náà ṣeé wà. Olówó rẹ̀ ni òfin ṣì dì í rù láti rí i pé kò léwu lójú pópó.

Àríyànjiyàn lórí àtúnṣe

Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ tó ń dán ju bó ṣe dán nígbà tó jáde ní ilé-iṣẹ́ ló ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje ọkọ̀ àtijọ́. Èrò mìíràn ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí. Àwọn tó dì í mú sọ pé ọ̀dà tí òṣìṣẹ́ Coventry fi kun ọkọ̀, okùn tí wọ́n fi rán awọ rẹ̀, àní àmì ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ sí abẹ́ páànù, jẹ́ ẹ̀rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí a bá ti họ ọ́ kúrò, kò sí ẹni tó lè dá a padà, bí ìgbà tí a bá fọ ère àtijọ́ títí tí ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére fi pa rẹ́. Fred Simeone, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó dá ilé àkójọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Philadelphia, wà lára àwọn tó jà fún èrò yìí ní Amẹ́ríkà. FIVA, àjọ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966, gba Ìwé Àdéhùn Turin wọlé ní ọdún 2012. Ìwé náà fi pípamọ́ ṣáájú títúnṣe.

Ọjà náà gba èrò yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, ilé gbàǹjo Artcurial ta àwọn ọkọ̀ ìdílé Baillon ní Paris. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ náà ti fi wà lábẹ́ ìta nínú oko kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ferrari kan nínú wọn, tí eruku ṣì bò, lọ ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 16 owó yúrò.

Àwọn tó ń tako èrò yìí sọ pé ìpẹtà kì í dúró, pé ọkọ̀ tí irin rẹ̀ ti jẹrà léwu fún awakọ̀ àti fún ẹlòmíràn, àti pé ọkọ̀ tí kò lè rìn kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ olùtúnṣe ń gba àárín: wọ́n á tún bírékì, ẹsẹ̀ àti irin tó ń gbé ẹrù ṣe, wọ́n á sì fi ọ̀dà àti inú ọkọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Orúkọ Jaguar ti di ọ̀rọ̀ àdúgbò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí E-Type tó jáde. Ẹni tó gbáfẹ́, tó mọ aṣọ wọ̀, tó sì lajú ni wọ́n ń pè ní jagua. Ní ọdún 1954 sí 1955 ni Jean Rouch ya fíìmù rẹ̀, Jaguar, nípa àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilẹ̀ Niger mẹ́ta tó lọ wá iṣẹ́ ní Gold Coast. Ọdún 1967 ni ó jáde. Cyprian Ekwensi tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Jagua Nana, ní ọdún 1961, ọdún kan náà tí wọ́n fi E-Type han aráyé. Orúkọ ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi pe obìnrin Èkó tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀. Orlando Julius, olórin tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, gbé orin kan tó ń jẹ́ Jagua Nana jáde ní ọdún 1965.

Ìtàn ìrìnnà Nàìjíríà náà ní ohun kan sọ fún ẹni tí wọ́n bá fi ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lọ̀. Ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí wọ́n yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tà ní tuntun níbí ṣáájú ọjọ́ náà sábà máa ń ní sitiárìn ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì yí ti àwọn kan sí òsì lẹ́yìn náà. Ní ti kíkó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé lónìí, òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ka ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá iye ọdún kan léèwọ̀, gbogbo E-Type sì ti kọjá iye náà tipẹ́.

Ibi tí wọ́n pa ọkọ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun, bíi ti Èkó, máa ń mú irin dípẹtà kíákíá ju afẹ́fẹ́ ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun lọ, bíi ti Ìbàràpá ní àyíká Igbó-Ọrà àti Èrúwà. Ṣùgbọ́n ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, eku a máa jẹ wáyà àti tìmùtìmù ìjókòó, oòrùn a máa sán awọ, eruku pupa á sì gba ọrinrin dúró nínú igun páànù nígbà òjò. Ìdí nìyí tí magnẹ́ẹ̀tì, iná tọ́ọ̀ṣì àti wíwọ abẹ́ ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ta ọkọ̀ yìí.